Súfèé Bàbá Nínú Ẹ̀rọ Ìlú Òyìnbó

Sí Ìyá mi, ní ilé wa ní Òmùò-Èkìtì

Ẹ kú ilé o, Ìyá. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ sì kú ojú lọ́nà wa. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín níbi tí mo wà, bí ìwé kò tilẹ̀ lè gbé ìdọ̀bálẹ̀ dé iwájú yín. Mo kí Bọ̀dá àgbà tó wà lóko. Mo kí àbúrò yín obìnrin ní Kọ́ta. Mo kí àwọn àna wa ní Igbara-Odò, bí wọn kò bá ṣì bínú pé a kò wá síbi ìkómọ. Ìyàwó yín kúnlẹ̀ kí yín. Ó ní kí n sọ pé ẹ̀wà tí ẹ fi ránṣẹ́ dé, kòkòrò kò sì bá a wá.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń gbọ́ mi lọ́tẹ̀ yìí. Awakọ̀ lọ́rì tí mo fi lẹ́tà rán sí yín kẹ́yìn gbé e kọjá Òmùò lọ sí Kàbbà, ó gbé e padà wá bá mi ní Ìkéré, ó ní òun gbàgbé láti dúró. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò ṣeé gbàgbé sínú ọkọ̀. Mo mọ̀ pé tísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa máa ń ra ìwé yìí, yóò kà á sí yín létí. Ẹ jẹ́ kí Bọ̀dá àgbà jókòó tì yín bó bá ti ń kà á, torí ọ̀rọ̀ náà kan súfèé Bàbá.

Ọyẹ́ mú ní Ìkéré lọ́dún yìí. Lọ́sàn-án, oòrùn a pa àwọn òkúta ńlá tó yí ìlú ká, tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí ara wọn ń tutù, wọ́n a máa dún gbì, gbì, bí ẹni tó ń sọ ẹrù kalẹ̀ nínú ilé tí kò sí ènìyàn. Àwọn ọmọ Ìkéré kì í gbọ́ ọ mọ́. Èmi tí mo ti ń gbé níbí láti ìgbà tí mo ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Iṣẹ́ pọ̀ ní sítọ́ọ̀. Kòkó ń wọlé láti Ìsẹ̀ àti Ẹ̀múré, òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ mi. Wọ́n ṣì ń fi ẹnu Òmùò mi ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Tí mo bá ní kí àwọn aláàárù gbé àpò sórí òṣùwọ̀n, ọ̀kan nínú wọn a tún ọ̀rọ̀ mi sọ bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an, gbogbo wọn a sì rẹ́rìn-ín. Kò bí mi nínú. Ó kàn ń rán mi létí pé bí mo bá fẹ́ gbọ́ ohùn ilé ní ìlú yìí, èmi fúnra mi ni n óò la ẹnu sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ló ń kó ẹ̀rù bá mi, bí ẹ ṣe mọ̀ mí. Abẹ́kẹ́ tó ń kọ́ni ní Ẹ̀múré, mo ń bẹ̀rù kẹ̀kẹ́ tó ń gùn. Ìyá rẹ̀ ní bí kò bá gun kẹ̀kẹ́, bàtà tó wọ̀ ni n óò máa bẹ̀rù. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Tọ́ṣọ̀ọ́, ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi, yàtọ̀.

Ẹ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ìṣirò ló bá lọ sí Ìlú Òyìnbó, ó sì gba oyè àkọ́kọ́. A rò pé ó ń bọ̀ wálé nìyẹn. Ó wá kọ̀wé pé òun fẹ́ gba oyè kejì, èyí tí wọ́n ń pè ní másítà, lórí ẹ̀rọ tuntun kan tó ń ṣírò, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè é. Ẹ bi mí nígbà náà pé kí ni ẹni tó ti mọ ìṣirò tún ń fi ẹ̀rọ ṣe. Bí ó ṣe yé mi nìyí. Ẹ̀rọ náà tóbi ju yàrá yín lọ, gílóòbù kéékèèké ló kún inú rẹ̀, ara rẹ̀ máa ń gbóná. Kò ní ojú, kò ní etí. Wọ́n á lu ihò sára bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n á ti bébà náà bọ inú rẹ̀, á sì ṣe ohun tí ihò wọ̀nyẹn bá ní kó ṣe. Kò ní fi kún un, kò ní yọ kúrò níbẹ̀. Tọ́ṣọ̀ọ́ tẹnu mọ́ èyí gan-an, ó ní ẹ̀rọ náà kì í ṣe ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Lẹ́yìn ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ Ìsẹ̀ kan tí òun àti Tọ́ṣọ̀ọ́ jọ gbé ilé kan náà lọ́hùn-ún dé, ó ti parí ẹ̀kọ́ òfin tirẹ̀. Ó wá kí wa, ó bá wa jẹ iyán. Ó ní ká má fi ọ̀rọ̀ ìyàwó yọ Tọ́ṣọ̀ọ́ lẹ́nu mọ́, pé ó ti fẹ́yàwó, gílóòbù nìyàwó náà sì so mọ́ ọrùn. Ìyàwó yín bi í pé ta ló ń dáná fún ìyàwó náà. Ó ní ìyàwó náà kì í jẹ oúnjẹ, iná mànàmáná ló ń mu. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni lọ́yà náà ti àwo iyán sẹ́yìn. Ó ní òun yà kí i níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, òun bá a tó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná, ó sì yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òun pè é, kò dáhùn. Òun ní láti fọwọ́ kàn án kó tó mọ̀ pé ènìyàn wọlé.

Ẹ̀rọ náà ní nǹkan kékeré kan bí ẹnu rédíò, ibẹ̀ ló ti máa ń dún tí iṣẹ́ bá parí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi ṣeré, wọ́n ti kọ́ ọ ní orin Òyìnbó. Tọ́ṣọ̀ọ́ náà kọ́ ọ ní tirẹ̀, wọ́n sì gbà á sínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Lọ́yà yìí ló fi síńgílẹ́ẹ̀tì wé e wá fún mi. Tọ́ṣọ̀ọ́ ní kí bàbá òun gbọ́.

Ọ̀sán gangan ni. Mo yí ọwọ́ giramafóònù, mo gbé abẹ́rẹ́ lé rẹ́kọ́ọ̀dù náà. Ó kọ́kọ́ kùn bí agbo oyin. Lẹ́yìn náà ló súfèé. Ìyá, súfèé Bàbá ni. Ìpè oko.

Kí ẹni tí kì í ṣe ará ilé wa tó ń ka ìwé yìí fún mi láyè díẹ̀. Nínú oko, tí igbó kò jẹ́ ká rí ara wa, Bàbá ní súfèé kan tó fi ń pe gbogbo wa. Ibi yòówù kí o wà, o gbọ́dọ̀ dáhùn pẹ̀lú súfèé kejì, torí ẹni tí kò bá dáhùn, ejò ló bù ú jẹ tàbí ó jábọ́ lórí ọ̀pẹ. Wọ́n kọ́ wa débi pé ẹnu wa a ti dáhùn kí ọkàn wa tó mọ̀. Tí gbogbo wa bá ti dáhùn, Bàbá a wá súfèé ẹ̀kẹta, kúkúrú báyìí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó tó, ẹ palẹ̀ mọ́, ká máa lọ sílé. Lọ́jọ́ tí a sin Bàbá, Bọ̀dá àgbà dúró lórí ọ̀nà oko, ó kọjú sí igbó, ó dáhùn fún ìgbà ìkẹyìn. Ó yíjú sí wa, ó ní ìpè náà ti parí. Ẹni tó bá tún gbọ́ ọ, kó má dáhùn, kó gbé ẹrù rẹ̀, kó máa bọ̀ nílé, kó má wẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni nínú wa kò súfèé yẹn mọ́. N kò kọ́ Tọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ṣì wà nígbà tí Bàbá lọ.

Èyí tó mú ara mi bù máṣọ ni ìparí rẹ̀. Ẹ rántí eyín iwájú Bàbá tó yọ. Atẹ́gùn a máa gba ibẹ̀ yọ́ jáde, fìì, kí súfèé tó parí. Ẹ̀rọ náà ṣe é. Abẹ́kẹ́ wà nílé lọ́jọ́ náà. Òun ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó sì mú pẹ́ńsù, ó ń kọ ohun tó ń gbọ́ sílẹ̀ ní dò rè mí. Nígbà tó dé ibi fìì yẹn, ó fi pẹ́ńsù sílẹ̀. Ó ní àwọn yòókù, ohùn ni, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ohùn, èémí ni. Ó bi mí pé kí ni ẹ̀rọ ń fi èémí ṣe. Kò dúró jẹun. Ó ní òun fẹ́ dé Ẹ̀múré kí oòrùn tó wọ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn ṣì wà lókè.

Mo kọ̀wé bi Tọ́ṣọ̀ọ́ léèrè. Ó fèsì pé òun kò fi èémí kankan síbẹ̀. Òun ti yẹ ihò bébà náà wò, kò sí níbẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ní gílóòbù kan ló ń kú lọ, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, fìì náà kò lọ. Ó ní kò tilẹ̀ ba òun lẹ́rù, pé ó dùn létí òun. Ní ti ibi tó ti gbọ́ súfèé náà, ó ní lẹ́nu mi ni. Ó ní nígbà tí òun kéré, tí òun ń sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo máa ń súfèé lójú oorun.

Mo ka lẹ́tà náà fún ìyàwó yín níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbé ojú sókè. Ó ní òótọ́ ni, láti ìgbà tí òun ti wọlé mi ni mo ti ń ṣe é, òun kò kàn fẹ́ dójú tì mí ni. Mo ní kó ṣe é bí mo ṣe ń ṣe é kí n gbọ́. Ó ṣu ẹnu jọ, ó súfèé. Ìyá, ìdáhùn ni. Mo bi í bóyá n kì í ṣe àkọ́kọ́, ìpè fúnra rẹ̀. Ó ní rárá, èyí nìkan ni, kò sígbà kan tí òun gbọ́ òmíràn. Yàrá kan náà ni àwọn méjèèjì sùn. Ohun tí ọmọ gbọ́ kọ́ ni ìyá rẹ̀ gbọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí fún wa. Wọ́n ti sọ fún Tọ́ṣọ̀ọ́ pé tó bá gba oyè náà tán, kó dúró lọ́dọ̀ wọn, kó máa tọ́jú ẹ̀rọ náà. Kò tíì dá wọn lóhùn. Ó ní òtútù ibẹ̀ kò nira tó bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀. Tí àwọn yòókù bá ti lọ, òun a jẹ́ kí ẹ̀rọ náà pè, lẹ́yìn náà á dákẹ́ bí ẹni tó ń retí, ìdákẹ́ yẹn ló sì ń dun òun. Ó bẹ̀ mí kí n kọ ìdáhùn ránṣẹ́ ní dò rè mí, kí òun lù ú sára bébà, kí ẹ̀rọ náà máa pè kó sì máa dá ara rẹ̀ lóhùn. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọkàn òun yóò balẹ̀ níbẹ̀. Ìyá, níbẹ̀. Mo mọ̀ nígbà tí mo kà á pé bí mo bá kọ ọ́, ọmọ wa kò ní wálé mọ́. Ìyàwó yín ní kí n kọ ọ́, pé ọmọ ènìyàn wà nínú òtútù, ṣé súfèé lásán ni n óò fi dù ú. Abẹ́kẹ́ ní kí n má kọ ọ́. Wọ́n bínú sí ara wọn nítorí rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, ìyàwó yín dúró ṣèpàdé àwọn obìnrin, èmi nìkan ni mo padà sílé. Mo gbé rẹ́kọ́ọ̀dù náà sí i, kí n lè mọ ohun tí n óò ṣe. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti pè tán ni a máa ń gbé abẹ́rẹ́ kúrò, torí a rò pé ó ti parí. Lọ́jọ́ náà n kò gbé e. Ó pè. Fìì. Ó dákẹ́. Ẹnu mi dáhùn. N kò rán an níṣẹ́, Ìyá, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ni rẹ́kọ́ọ̀dù náà bá súfèé ẹ̀kẹta, kúkúrú, pé ó tó, ẹ palẹ̀ mọ́, ká máa lọ sílé. Àwọn adìyẹ tó ń jẹ̀ lójúde sáré wọlé wá sábẹ́ àga mi bí ìgbà tí àwòdì bá ń bọ̀.

Ìyàwó yín ní ó ti wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù náà tẹ́lẹ̀, àwa ni a máa ń tètè gbé abẹ́rẹ́. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó ní ká tún gbé e sí i ká gbọ́. Mo ní rárá. Láyé yìí, kò sẹ́ni tó tún mọ ẹ̀kẹta yẹn àfi ẹ̀yin, Bọ̀dá àgbà àti èmi.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo kọ̀wé sí Tọ́ṣọ̀ọ́. Mo ní n kò ní kọ ìdáhùn, kì í ṣe ohun tí à ń lu sára bébà. Tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, kó gba oyè rẹ̀, kó wá dúró lórí ọ̀nà oko wa ní Òmùò, kó fi ẹnu ara rẹ̀ pè mí, n óò wà nínú igbó, n óò sì dáhùn. Mo sọ fún un pé ẹni tó ń pè nínú ẹ̀rọ yẹn ti ní ká máa lọ sílé, nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í ṣàìgbọràn sí ìyẹn.

Èsì rẹ̀ dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun ti sọ fún wọn pé òun kò dúró, òun yóò wọ ọkọ̀ ojú omi lẹ́yìn ìdánwò. Kí ẹ bá mi yọ̀. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé lọ́jọ́ tí lẹ́tà mi dé ọwọ́ òun, òun ti bébà náà bọ ẹ̀rọ, ó kàn ń kùn bí agbo oyin ni. Òun lu òmíràn, bákan náà ni. Súfèé náà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, Ìyá, ẹ̀bẹ̀ tí mo fi sínú ìwé ìròyìn kó lè tètè bá yín nìyí. Bí ẹ bá gbọ́ ìpè náà lọ́nà oko kí ọmọ wa tó dé, ẹ gbé ẹrù yín, kí ẹ máa bọ̀ nílé. Bí ó bá sì jẹ́ ìgbà tí ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ rẹ̀ ti gúnlẹ̀ ni, ẹ má tíì dáhùn. Ẹ jẹ́ kó sún mọ́ yín, kó rẹ́rìn-ín sí yín, kí ẹ wo eyín iwájú rẹ̀. Eyín Tọ́ṣọ̀ọ́ pé.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí kí ẹ fọwọ́ ara yín bu oúnjẹ fún un. Kó mú ọmọ olúkúlùkù tó wà lẹ́yìn odi padà wá ní ojú ara rẹ̀ àti ohùn ara rẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àti àgbà àti ọmọdé, ẹ sì bá mi kí tísà tó ń kà á fún yín. Kó jọ̀ọ́, kó má gbìyànjú láti súfèé náà wò.

Èmi ni ọmọ yín ní Ìkéré,
Adéwùmí