Ẹni Tó Wà Lábẹ́ Fàdákà

Níkólásì ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti Fòtéínì ìyàwó rẹ wà ní Ọsirélíà lọ́hùn-ún? Oyún rẹ̀ ńkọ́? Bàbá rẹ ń kí yín. Orúnkún ṣì ń dùn ún, àmọ́ ẹnu ò rẹ̀ ẹ́. Ólífì so dáadáa lọ́dún yìí.

Ọ̀rọ̀ kan rú mi lójú. O mọ àwòrán mímọ́ kékeré ìdí fìtílà wa, èyí tí mo jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú rẹ̀ kí n tó lóyún rẹ, tí mo fi sọ ẹ́ ní Níkólásì. Èéfín ti bo ojú rẹ̀. Ẹ̀wù fàdákà tí baba ńlá wa atukọ̀ fi wọ̀ ọ́ nìkan là ń rí. Fàdákà náà ń ṣí, mo bá gbé e fún alágbẹ̀dẹ. Ó tú u, ó nu igi tí wọ́n ya àwòrán náà sí, ó ní, "Màmá, obìnrin lèyí o." Màrínà Mímọ́ ni, ó di ẹ̀mí èṣù nírun mú, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Baba ńlá wa fi fàdákà Níkólásì Mímọ́, ẹni mímọ́ àwọn atukọ̀, bò ó mọ́lẹ̀.

Bàbá rẹ ní, "Abájọ tí orúnkún mi ò fi san. Orúkọ olórúkọ ni mo ń pè."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ ẹni mímọ́ wo ni kí n máa se àsè orúkọ rẹ báyìí? Ta ni kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Nígbà tí ibà fẹ́ pa ẹ́ ní kékeré, o ní obìnrin kan jókòó tì ẹ́ lọ́sàn-án, ó ń fọwọ́ tútù ra ẹ́ lórí. Mo ní èmi ni. Ọmọ mi, yàrá kejì ni mo wà ní gbogbo ọ̀sán yẹn, lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àwòrán.

Kí Ọlọ́run sọ Fòtéínì kalẹ̀ láyọ̀. Jọ̀ọ́, tètè fèsì: báwo lojú obìnrin náà ṣe rí?

Ìyá rẹ,
Stamátíà