Màmá Tú Ọwọ́ Mi Lórí Gìtá

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Ọwọ́ òsì mi kò dùn mí lónìí!

Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń fún ọrùn gìtá pinpin, tí wáyà á sì máa kùn bí eṣinṣin. Olórí akọrin ìjọ wa ti fẹ́ gba gìtá náà lọ́wọ́ mi. Nílé lẹ́yìn ìsìn, Màmá, ẹlẹ́ja ọjà Pessu tí kò di gìtá mú rí, wò mí títí bí mo ṣe ń ta á.

"Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ láti di àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi mú nìyẹn? Èjìká rẹ ti fẹ́ kan etí. Dẹ ọwọ́, jàre!"

Mo mí kanlẹ̀, mo dẹ àtàǹpàkò, mo ta wáyà. Ohùn gìtá mọ́ kedere! Mo tún ta á, ó tún mọ́.

"Mama, you sabi guitar o!" ni mo pariwo.

"Àjẹ̀ ni mo mọ̀," ni wọ́n wí, wọ́n sì ń jó lọ sídìí ìkòkò.