Obìnrin Tí Ẹyẹ Bà Lé Lórí

Inísà, lọ́nà Òkúkù,
Ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá, 1958.

Morákinyọ̀ ọmọ mi, Àlàó ọkọ mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé ara le? Ṣé òtútù ìlú òyìnbó kò tíì gé ọ nímú jẹ? Ọlọ́run tó mú ọ gun ọkọ̀ ojú omi tí kò jẹ́ kí o já sómi, kò ní fi ọ́ sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Àmín. Ara wa le níbí. Iṣu jáde dáadáa lọ́dún yìí, ewúrẹ́ rẹ olójú kan sì bí ìbejì, akọ ni méjèèjì. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí o, ìwé tí mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́ àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń kọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi kọ ọ́ kó máa rẹ́rìn-ín.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́. O ní ilé-ìwé kò tíì wọlé, pé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ni ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ń jáde lọ wo ìlú. Ó dára, ẹni tó bá dé ìlú gbọ́dọ̀ mọ ibi tó dé. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ràn ti bọ́ọ̀sì tí o ní o jókòó sí lókè rẹ̀. Morákinyọ̀, kí ló dé? Ṣé ẹrù ni ọ́ ni? Níbí, ewúrẹ́ àti àpò gàrí là ń gbé sórí ọkọ̀. Bó bá jẹ́ pé owó ọkọ̀ ni kò pé, bẹ ọmọ ọkọ̀ dáadáa, kó jẹ́ kí o jókòó nísàlẹ̀ láàrin èèyàn. O tún ní ẹ sanwó wọ ọgbà kan lọ wo ọ̀bọ. Mo ka ibẹ̀ fún bàbá rẹ, wọ́n ní àwọn kò gbọ́ ọ dáadáa, mo tún un kà. Ọ̀bọ tó ń jẹ àgbàdo wa tán nílé lọ́fẹ̀ẹ́! Wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá àwọn òyìnbó yóò gba tiwa, àwọn ti ṣe tán láti dẹ pańpẹ́. Ti etí òkun tí o sọ pé wọ́n ń sùn sí nínú oòrùn yé mi ní tèmi, ẹni tí òtútù bá ti mú tó bẹ́ẹ̀ yóò sá ara rẹ̀ bí èlùbọ́ ni.

Fọ́tò tí o fi sínú lẹ́tà ló fa wàhálà. O dúró nínú ọgbà òdòdó, o wọ ẹ̀wù òtútù dé ọrùn, ò ń rẹ́rìn-ín, o dára lójú. Ṣùgbọ́n obìnrin òyìnbó kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ lórí òkúta, funfun báláú, ìhòòhò goloto! Dúródọlá télọ̀ wá kí wa, ó rí i, kí n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti dé ọjà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Àìkú, ọ̀rọ̀ ti dé Ìkìrun pé o ti fẹ́ òyìnbó. Bàbá Adétóun ránṣẹ́ pé kí a wá kó ẹrù ìdána wa, àwọn kò lè fi ọmọ àwọn dúró de ọkọ òyìnbó. Bàbá rẹ kò jẹun lọ́jọ́ náà. Èmi sunkún, n kò ní purọ́ fún ọ. Adétóun tí a ti tọrọ fún ọ, tó ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé níwèé, tó sì tún ń wá bá mi dín gàrí nígbà ìsinmi, ṣé irú ọmọ tí à ń jẹ́ kó bọ́ mọ́ni lọ́wọ́ nìyẹn?

Ni mo bá fi fọ́tò náà sínú Bíbélì, mo wọ ọkọ̀, ó di Ìkìrun. Gbogbo ẹbí wọn ti pé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo gbé fọ́tò ka orí tábìlì, mo ní kí wọ́n fi ojú àgbà wò ó. Mo bi wọ́n pé kí ló bà lé obìnrin yìí lórí. Wọ́n ní ẹyẹ ni. Mo ní ǹjẹ́ ó lé e? Wọ́n ní kò lé e lóòótọ́. Mo ní ara rẹ̀ kò dá nìyẹn, ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í jẹ́ kí ẹyẹ ṣu sí òun lórí kó máa wòran. Mo ní àti pé, ọkọ wo ni yóò wọ ẹ̀wù òtútù dé ọrùn, tí ìyàwó rẹ̀ yóò dúró tì í níhòòhò? Ọmọ tí èmi Àjọkẹ́ tọ́ kọ́ nìyẹn! Mo ní àánú rẹ̀ ló ṣe ọ́ tí o fi dúró tì í. Àlàó, gbogbo ilé na ọrùn wò ó. Bàbá Adétóun wọ awò ojú wọn, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní òótọ́ ni mo sọ, obìnrin yìí kò lọ́kọ. Ìyá Adétóun tilẹ̀ bú sẹ́kún nítorí rẹ̀. Mo borí o! Ijó ni mo jó dé ìdíkọ̀.

Adétóun alára gba fọ́tò náà, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. Ayọ̀ ni. Bàbá rẹ̀ wá ní kí ọ̀rọ̀ má baà tún dàrú, kí a so yín pọ̀ lójú fọ́tò rẹ, bí wọ́n ti ń ṣe fún àwọn tó wà lókè òkun. Sátidé tó kọjá la ṣe é, ṣọ́ọ̀ṣì kún dẹ́nu! Fọ́tò ilé-ìwé rẹ ni mo kọ́kọ́ gbé lọ, pásítọ̀ ní àwọn kò lè so ọmọdé mọ́ ìyàwó, la bá ká èyí tó ti ọ̀dọ̀ rẹ wá sí méjì, obìnrin náà bọ́ sẹ́yìn, ìwọ bọ́ síwájú, a gbé ọ lé orí àga. Dúródọlá fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ ìyàwó, ojú ń tì í, kò gbowó.

Mo ti ra kíjìpá tó nípọn fún obìnrin ọ̀hún. Mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ, Adétóun ní rárá, òun ni yóò mú un wá tí òun bá ń bọ̀ wá bá ọ, òun ni yóò ró o fún un. Bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ. Ìwọ má fọwọ́ kàn án o.

Bí o bá rí nǹkan, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra gèlè, èyí tí mo wé lọ jó ti ya. Bàbá rẹ ní àwọn náà fẹ́ ẹ̀wù òtútù bí tìrẹ, tí àwọn yóò máa wọ̀ lọ sóko lásìkò ọyẹ́.

Ọlọ́run yóò là ọ́ lójú nínú ìwé rẹ. Yóò fún ẹ̀yin méjèèjì ní ilé tí ẹ ó máa rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Oṣù kìn-ín-ní ni ọkọ̀ ìyàwó rẹ yóò gúnlẹ̀ ní Liverpool. Kí o ti débẹ̀ ṣáájú ọkọ̀. Má sá pamọ́ sẹ́yìn èrò, má sì bá ẹnikẹ́ni dúró. Ọmọ ọlọ́mọ kò tíì kúrò nílé ìyá rẹ̀ lọ ọ̀nà jíjìn rí. Bó bá ti yọjú lókè ọkọ̀, kí ó rí ọ.

Èmi ni ìyá rẹ tó borí,
Keziah Àjọkẹ́.