Ẹ̀kọ́ Ogún àti Dọ́ọ̀sì Mẹ́ta

Ìṣẹ́gun, 1 Máàṣì 2005

Mo parí Ẹ̀kọ́ Kọkàndínlógún lónìí. Èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní pámárì kejì. Akọ̀wé mi — ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere — ló ṣe ogún ẹ̀kọ́ sínú dísíkẹ́ẹ̀tì kó tó kú ní ọdún méjì sẹ́yìn, kí n lè fi kọ̀ǹpútà mọ̀wé kà. Ó wá ku ẹyọ kan. Mo ki dísíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bọ ẹ̀rọ lẹ́nu. Ó kọ ọ́ sójú dígí:

AYE KO TO. 600 NI MO FE.

Ayé kò tó. Ọkùnrin yìí wà nínú sàréè, ó ṣì ń ráhùn. Mo pa ẹ̀rọ. Mi ò jẹun ọ̀sán.

Ọjọ́rú, 2 Máàṣì

Mo ké sí Ọ̀gá Fáìlì, ìyẹn Akínfẹ́nwá, aládùúgbò wa tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ó rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi já bọ́. “Ìyá Adéwùnmí, àyè ni, kì í ṣe ayé. Kọ̀ǹpútà yín ò mọ àmì ohùn.”

Àyè. Hẹ̀n-ẹ́n.

Ó ní àyè ìrántí ẹ̀rọ náà jẹ́ 640. Dọ́ọ̀sì, ọ̀gá tó ń darí inú ẹ̀rọ, á kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni Ẹ̀kọ́ máa rí lò. Ẹ̀dà kẹrin rẹ̀, Dọ́ọ̀sì Kẹrin, ló wà nínú tiwa: 565 péré ló ṣẹ́ kù. Ó ní kí n gbé e fún àwọn onírin àlòkù, pé ọ̀rọ̀ yìí ju ti arúgbó lọ.

Ó sọ ọ́ lójú mi o. Nínú pálọ̀ mi.

Ẹtì, 4 Máàṣì

Mo dé Trade Fair. Juliana tó ń ta kọ̀ǹpútà àlòkù ní, “Mọ́mì, ta ló ṣì ń lo Dọ́ọ̀sì? Wíńdòòsì ni gbogbo èèyàn ń lò.” Mo ní kí wọ́n máa yọjú lójú fèrèsé wọn, ẹnu ọ̀nà lèmi fẹ́ gbà. Ó rẹ́rìn-ín, ó tú páálí kan, ó kó Dọ́ọ̀sì Kẹta àti Ìkarùn-ún fún mi. Mo gbé wọn mọ́ àyà bí ẹyin títí mo fi kọjá Apple Junction.

Àbámẹ́ta, 5 Máàṣì

Dọ́ọ̀sì Kẹta: 583. Àgbà ni, kì í jẹun púpọ̀. Ó jọ mí. Ṣùgbọ́n ó ṣì ku 17.

Ajé, 7 Máàṣì

Dọ́ọ̀sì Karùn-ún: 577. Ọmọ àná, ọ̀nà ọ̀fun gbòòrò. Ọ̀gá Fáìlì ní, “Ṣé mo sọ fún yín?” Mo gbé gúgúrú fún un kí ẹnu rẹ̀ lè dí.

Ọjọ́bọ̀, 10 Máàṣì

Juliana pè mí lórí fóònù. Ó ní àyè kan tún wà lókè 640 tó ṣófo: Ìkarùn-ún mọ òkè gùn, Ìkẹta àti Ìkẹrin ò mọ̀ ọ́n. Kí n kọ ọ̀rọ̀ méjì kan sínú dísíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀rọ fi ń jí.

Ṣé nǹkan tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpútà náà nìyẹn? Lánlọ́ọ̀dù ló tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí pálọ̀ ayálégbé, nígbà tí òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ṣófo. Kó gbé ẹrù rẹ̀ gòkè. Èyí yé mi ju Ọ̀gá Fáìlì lọ.

Mo kọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ: DOS=HAI. Ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ ọ́n. Mo tún pe Juliana. Ó pe lẹ́tà rẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín ń pa á. H, I, G, H. Kí ni G ń wá níbẹ̀?

Ẹtì, 11 Máàṣì

621. Ọgọ́rùn-ún mẹ́fà ó lé mọ́kànlélógún. Mo jó yí àga ká. Ìbàdí yìí ṣì wà níbẹ̀. Mo ránṣẹ́ pe Ọ̀gá Fáìlì kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ṣí Ẹ̀kọ́ Ogún. Òdòdó kún ojú dígí, òun ló gba gbogbo àyè yẹn. Láàárín rẹ̀:

IWO LO KO MI.
KA A SOKE.

Ọ̀gá Fáìlì wolẹ̀. Ó rọra ní, “Ìyá Adéwùnmí... ‘Ìwọ ló kọ̀ mí’ ni mo rí kà o.”

Lóòótọ́, nígbà tí ìjọba gbé Akọ̀wé lọ sí Kàdúná, mo ní mi ò lọ. Ọdún mẹ́fà. Kò mẹ́nu bà á rí.

Àbámẹ́ta, 12 Máàṣì

Kọ̀ tàbí kọ́. Mi ò kà á sókè.

Àìkú, 13 Máàṣì

Nígbà tó ti Kàdúná dé, ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dáná? Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bẹ èèyàn, òun tó jẹ́ pé mẹ́mò ló máa ń kọ? Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín láìfi ọwọ́ bo ẹnu?

Mo yá máákà Ọ̀gá Fáìlì. Mo fi àmì náà sórí dígí fúnra mi, ó dúdú, ó tóbi: KỌ́. Mo kà á sókè, ará ìsàlẹ̀ gbọ́.

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí Akọ̀wé dìde wá pa á rẹ́.