Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Kọ Sórí Ẹ̀rín Mi

Koumassi, Abidjan,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kọkànlá, ọdún 2006.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Adélànà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti gbà yín láyè láti rìn dé ilé kéú? Àwa níbí wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àìsàn kò ṣe mí, ẹ̀gbọ́n mi, ojú ló ń tì mí. Mo ti mú bírò láti kọ̀wé yìí rí, tí mo tún gbé e sílẹ̀.

Nígbà ọdún Iléyá, mo lọ ya fọ́tò lọ́dọ̀ Jacques, ayafọ́tò tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ọjà wa. Mo jókòó, mo le ojú koko. Ló bá sọ àwàdà kan nípa ìyá ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rín sì pa mí. Mo yára fi ọwọ́ bo ẹnu bí màmá wa ṣe kọ́ wa, pé obìnrin kì í la ẹnu gbàgà níwájú àlejò. Ibẹ̀ gan-an ló ti yà mí. Ó ní fọ́tò náà dára púpọ̀, ó bi mí bóyá òun lè fi han àwọn tó ń ṣe ìpolówó, torí wọ́n ń wá ojú tó fani mọ́ra. Mo ní kó fi hàn wọ́n. Ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n pe òun ní arẹwà?

Ní oṣù kẹsàn-án ni wọ́n lẹ̀ mí mọ́ ògiri níbi tí àwọn takisí wôrô-wôrô ti ń kó èrò. Bébà náà ga ju èèyàn lọ. Èmi rèé pẹ̀lú gèlè mi, ọwọ́ mi lẹ́nu. Ọkùnrin kan tí mi ò rí rí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ṣe bí ẹni yíjú sẹ́yìn, ó sì dijú. Ọ̀rọ̀ pupa wà lókè orí wa, ìgò kékeré kan wà nísàlẹ̀. Ẹ mọ̀ pé mo mọ ìwé Yorùbá kà. Mo mọ lẹ́tà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí mo ṣe pe wọ́n pọ̀, wọn ò dá mi lóhùn, torí Faransé ni. Ni mo bá ka àwòrán. Mo ní ẹ̀rín ló ń pa ọkùnrin yẹn náà, mo sì ní lọ́fínńdà ló wà nínú ìgò.

Mo yangàn, ẹ̀gbọ́n mi. Mo kó àwọn obìnrin ìsọ̀ wa lọ wò ó. Nígbà tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lókèèrè na ọwọ́ sí abọ́ tí mò ń tà, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo rò pé òkìkí ni. Qudirat ọmọ mi, tó wà ní lycée, wá ń gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé ìwé. Mi ò bi í léèrè.

Lọ́jọ́ kan mo ní kó bá mi dúró sábẹ́ bébà náà kí Jacques ya àwa méjèèjì. Ó kọ̀. Mo fà á lọ́wọ́, ló bá bú sẹ́kún lójú àwọn awakọ̀. Ó rọra sọ fún mi pé, "Maman, ẹ jẹ́ ká lọ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnu yín ń rùn." Mo ní kó kà á bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ó kà á, ó túmọ̀ rẹ̀: "Ṣé àwọn èèyàn ń sá fún ọ bí o bá la ẹnu?" Oògùn ẹnu rírùn ló wà nínú ìgò.

Kò sí ohun tó kúrò nípò lára àwòrán yẹn, síbẹ̀ ó yí padà lójú mi. Ọwọ́ tí mo fi bo ẹnu nítorí ẹ̀kọ́ ilé wa di ọwọ́ tí mo fi ń bo òórùn. Ọkùnrin tí mo ní ó ń rẹ́rìn-ín, sísá ló ń sá fún mi. Èyí tó dùn mí jù ni pé ọmọ mi ti mọ̀, ó dá ìtìjú náà rù, kí ayọ̀ mi má baà bàjẹ́.

Mo lọ bá Jacques. Kò lè wò mí lójú. Ó ní èmi nìkan lòun yà, pé ibòmíràn ni wọ́n ti ya ọkùnrin yẹn kí wọ́n tó so wá pọ̀, òun ò sì mọ ohun tí wọ́n máa kọ. Ó ní, "Maman, fọ́tò ò lẹ́nu. Ohun tí wọ́n bá kọ sí i ló máa ń sọ." Ó sìn mí lọ sí ilé iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe ìpolówó náà ní Biétry. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Solange fún wa ní àga àti omi, ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n bébà náà á wà lára ògiri títí òmíràn á fi rọ́pò rẹ̀. Kò bú mi. Bí ó bá bú mi ni, ǹ bá rí èsì fọ̀.

Mo jókòó sílé, mo purọ́ fún baálé mi pé ibà ni. Ọjọ́ tí mo padà sọ́jà, mo fi ìborùn di ẹnu. Oníbàárà kan bi mí bóyá mo ti ra ìgò tèmi, ọjà sì rẹ́rìn-ín. Obìnrin Júlà kan tó ń jẹ́ Awa, tó ń ta ẹja gbígbẹ ní iwájú ìsọ̀ mi, dìde. Ó mú ife tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi nínú rẹ̀, ó mu èyí tó kù tán lójú gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ó jókòó tì mí, ojú rẹ̀ sún mọ́ ojú mi, ó ń bi mí léèrè bí mo ṣe ń se ọbẹ̀ ẹ̀pà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Mi ò lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo tú ìborùn náà.

Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé rèé. Kí n tó mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, mo ti tọrọ ọ̀kan lára àwọn bébà náà, èyí tó kéré, mo ká a, mo fi rán Mamadou tó ń bọ̀ ní Ṣakí sí yín pé kí ẹ gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ṣakí sún mọ́ ẹnubodè, àwọn tó gbọ́ Faransé ń wọlé tọ̀ yín wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má fà á ya, torí ojú mi ni. Ẹ mú àlùmọ́gàjí, ẹ gé ọ̀rọ̀ òkè kúrò, ẹ gé ìgò ìsàlẹ̀ kúrò, ẹ gé ọkùnrin yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Obìnrin tó bá kù níbẹ̀, àbúrò yín ni. Ẹ wá gbé òun kọ́.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ ò ní fi ojú sunkún ọmọ, ilé yín ò ní tú, a ó sì fojú kan ara wa láyọ̀.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà,
Sidikatou.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbàgbé: Bí ẹnìkan bá ti ka ọ̀rọ̀ bébà náà fún yín kí lẹ́tà yìí tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi.