Ìwúkàrà Yín Ń Jẹun Dáadáa

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́ búrẹ́dì o. Ìwúkàrà tí ẹ ti ń bọ́ kí ẹ tó bí mi, tí ẹ bù sínú ìgò fún mi, ti di gbajúmọ̀ níbi iṣẹ́ wa, ní yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì! Mo yẹ àkọsílẹ̀ àbínibí inú ara rẹ̀ wò, èyí tó ń kọ́ ọ bí yóò ṣe gbé ayé. Apá tó wà fún jíjẹ ṣúgà inú ìyẹ̀fun, ẹ̀ẹ̀kan ni mo retí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo bá, lójú ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀gá mi ní ebi ló kọ́ ọ, pé ohun tó bá gbà á là ló ń tún kọ. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọwọ́ ìyá kan náà ló tọ́ wa.”

Èmi náà ti di méjì báyìí: láàárọ̀ mo wà nídìí ẹ̀rọ, nírọ̀lẹ́ mò ń fọ ìgò yàrá ìwádìí náà fún owó díẹ̀ sí i. Ara mi dá ṣáṣá. Ẹ ní sùúrù fún mi lórí ọ̀rọ̀ fọ́tò tí ẹ ní kí n fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ibí ti fẹ gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ rán fún mi, wọn ò bá mi mu mọ́.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Tí wọ́n bá bi yín bóyá mò ń jẹun, ẹ ní ìwúkàrà ń jẹun dáadáa.

Èmi ni, àbúrò rẹ̀.