Mo Ti Rò Pé Ọkọ Lo Rí, Karin

Karin ọmọ mi,

Ṣé ara ti ń mókun? Chicago àti ariwo rẹ̀ ńkọ́? Èmi àti gbogbo màlúù wà dáadáa, yìnyín ti ń yọ́ lórí pápá, orúnkún mi ọ̀tún ń dùn mí, tòsì sì ti ń jowú rẹ̀. Ọlọ́run tó dá ẹ sí fún mi, mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá.

Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ kí Norbert aládùúgbò wa tó tú mi fó. Nígbà tí o ṣe fóònù mi kí n lè máa rí bí ọkàn rẹ ṣe ń lù láti inú aago ọwọ́ rẹ, mo rò pé bíi ti okùn ẹsẹ̀ màlúù wa tó ń ka ìṣísẹ̀ wọn ni. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, tí nọ́ńbà màlúù bá ṣàdédé fò sókè, ó ń wá akọ nìyẹn. Ìgbà tí mo wá rí i pé gbogbo Mọ́ńdè, lágogo mẹ́sàn-án àárọ̀, tìẹ náà ń fò, mo ní ọmọ mi ti rí ọkọ, onítọ̀hún kì í sì í pẹ́ dé! Mo sọ fún gbogbo àwọn tá a jọ ń mu kọfí lẹ́yìn ìsìn. Mo tilẹ̀ gé irun imú mi. Norbert ní kí àna mi yáa lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fún wàrà kó tó yọjú. Àṣé Ọ̀gbẹ́ni Pruitt ọ̀gá rẹ ni, tó ń jágbe mọ́ yín nípàdé! Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè dé ìtòsí Hilda, ọjọ́ méjì ni màlúù yẹn máa fi há wàrà mọ́ra.

Ọjọ́ Túsìdéè yẹn lẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Nọ́ńbà náà gòkè láàárọ̀, kò sọ̀ títí di ọ̀sán, màlúù tó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe akọ ló ń wá, àìsàn ni. Mo pè ẹ́, o ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé Dádì, ìpàdé ni mo wà, ó kàn ń ṣe mí bí ẹni pé èèyàn jókòó lé mi láyà ni. Mo ní gbé fóònù fún ẹni tó sún mọ́ ẹ jù lọ kíákíá. Ọlọ́run á bá mi bùkún Delphine tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ ọlọ́mọ tí mi ò rí rí, tó ní Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ti wà lọ́wọ́ mi. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé làálàá iṣẹ́ àti ìpayà ojoojúmọ́ ló fẹ́ sọ ọ́ di àrùn ọkàn, pé ká ní o dúró kí ẹ ṣíwọ́ ni, hùn. Mi ò ní parí ẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, mo ti fi odindi wàràkàṣì kan ránṣẹ́ sí Delphine, ìwọ má tọ́ ọ wò, wọ́n ní iyọ̀ kò dáa fún ẹ.

Delphine kan náà ló tún sọ fún mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí dókítà ní kí o fi sinmi, o fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀kan. Karin, mo bẹ̀ ẹ́. Fi ogójì dọ́là ránṣẹ́ kí n fi ra epo sọ́kọ̀, màá wá gbé ẹ wálé ní Sátidé. Tó ò bá fi ránṣẹ́, màá ṣì wá, ibi tí epo bá ti tán lójú títì, kí o wá bá mi níbẹ̀.

Ọlọ́run á fún ẹ ní ẹ̀mí gígùn àti ọkàn tó balẹ̀. Ìwọ ni wàá sin mí, èmi kọ́ ni màá sin ẹ́, ṣùgbọ́n má kánjú.

Èmi ni bàbá rẹ,
Alvin